Sinimá Àgbáyé Nínú Ọgbà Yunifásítì

Títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni ó sọ Mowé àti Ìbàfò di ìlú èrò. Láti ìgbà tí a ti ṣí títì náà ní ọdún 1978, ilé, ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ ti hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí olú òjò. Ní agbègbè Mowé ni Redeemer's University ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Mountain Top University sì bẹ̀rẹ̀ ní apá Ìbàfò ní ọdún 2015. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ojú irin láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni yóò wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan, yálà èyí tí ó wà nítòsí wọn tàbí èyí tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn.

Ẹni tí ó bá dé irú ibẹ̀ lè bá ìwé ìkéde kan pàdé lára ògiri, tí ó wí pé ní alẹ́ ọjọ́ báyìí, ní gbọ̀ngàn báyìí, a óò fi sinimá kan hàn láti ilẹ̀ Jàpáàní. Pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ti Íńdíà ni. Pé lẹ́yìn èyí, ti Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ yóò rò pé fàájì lásán ni, yóò sì gba ibùsùn rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, tí ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Olùkọ́ kan, tàbí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò ṣa sinimá mélòó kan jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, wọn yóò sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ẹ̀kọ́ inú ìwé. Kí a tó pa iná gbọ̀ngàn, ẹnìkan yóò dìde sọ ní ṣókí ẹni tí ó ṣe sinimá náà, ọdún tí ó ṣe é, àti bí ìlú ti rí nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ènìyàn yóò wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró. Èdè àwọn tí ó ni sinimá ni etí yóò máa gbọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì máa hàn ní ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó bá parí, iná yóò tàn, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn aláìnísùúrù máa ń sá fún.

Ọmọ ìwòyí lè béèrè pé kí ni a tún ń wá lọ sí gbọ̀ngàn, nígbà tí fíìmù Íńdíà àti ti Kòríà wà nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wo fóònù ń dá wò ni; bí ibì kan bá le, yóò fò ó; bí ibì kan bá sú u, yóò pa á. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé kí ni ó rí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé òun rí ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Íńdíà tí a ń wò ní ilé wa ni a sì ti bọ́ ohùn àwọn tí ó ṣe é kúrò, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn sí ẹnu wọn. Ẹni tí ó bá wò ó mọ ìtàn, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ohùn onítàn.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí sinimá ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé níbẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ àjèjì kan tí à ń pè ní Balboa ni ó gbé e wá. Láti ọjọ́ náà títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwa ni à ń wò. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ṣe é.

Nígbà tí ó yá, ìjọba amúnisìn pàápàá rí i pé sinimá lágbára. Ní ọdún 1939, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí à ń pè ní Colonial Film Unit. William Sellers, òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, ni ó di olórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ru ẹ̀rọ sinimá a máa lọ láti ìlú dé ìlú. Wọn a ta aṣọ funfun sí gbangba ní alẹ́, tọmọdé tàgbà a sì péjọ láti wo ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí ó dára wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Sellers ni pé ará Áfíríkà tí kò mọ̀wé kò lè tètè lóye àwòrán tí ń rìn. Pé kí ìtàn rọra máa lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a má sì fi ọgbọ́n àrà kankan kún un. Àwọn tí ó sọ èyí nípa wọn ni àwọn kan náà tí wọ́n ti ń wo eégún aláré láti kékeré, tí wọ́n ti rí i tí eégún di ọ̀nì, tí ó di erè, tí ó di òyìnbó onímú gígùn, tí ó sì tún padà di eégún lójú agbo, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í mọ̀.

Sinimá tí a fi ń dá wa lára yá kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1935, wọ́n ṣe ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sanders of the River. Ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ni, tí ń ṣàkóso àwọn ẹ̀yà tí ó wà lẹ́bàá odò kan ní Nàìjíríà. Paul Robeson, akọrin ńlá ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe olóyè tí ń gbọ́ràn sí ajẹ́lẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ Èkó kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: Orlando Martins, tí a bí ní ọdún 1899, tí ó ti ṣe atukọ̀ ojú omi àti alágbàrù ní ọjà ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di òṣèré. Robeson rò pé iyì àṣà Áfíríkà ni àwọn fẹ́ fi han ayé. Nígbà tí wọ́n gé àwòrán náà tí wọ́n sì tò ó tán, ó rí i pé ìyìn fún ìjọba amúnisìn ni ó jẹ́; ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn: ojú òṣèré ni à ń rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń gé àwòrán, tí ó sì ń tò ó, ni ìtàn wà. Martins padà sílé ní ọdún 1959. Nígbà tí wọ́n sọ eré Wọlé Ṣóyínká, Kongi's Harvest, di sinimá ní Nàìjíríà ní ọdún 1970, ó kópa níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni, ará Amẹ́ríkà, Ossie Davis, ni ó darí rẹ̀, inú Ṣóyínká kò sì dùn sí bí ó ṣe rí.

Báwo ni àwọn tí a ń ya àwòrán wọn ṣe wá di ẹni tí ń ya àwòrán? Ìdáhùn rẹ̀ jọni lójú. Ní ibi púpọ̀, nínú irú gbọ̀ngàn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti jókòó papọ̀ wo iṣẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n sì jiyàn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1947 gan-an tí ilẹ̀ náà gba òmìnira, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Calcutta, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Satyajit Ray, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa wo sinimá ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n sì máa jíròrò nípa rẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán fún ìpolówó ọjà ni Ray ń ṣe láti jẹun. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mélòó kan, níbẹ̀ ni ó sì ti wo sinimá Ítálì kan tí Vittorio De Sica ṣe ní ọdún 1948, Bicycle Thieves. Ìtàn rẹ̀ kò ju èyí lọ: ọkùnrin tálákà kan rí iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìsí kẹ̀kẹ́, olè sì jí kẹ̀kẹ́ náà gbé. Òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré ń wá a kiri ìlú Róòmù. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ gidi ni ẹni tí ó ṣe bàbá náà. Kò ṣe eré rí. Ray jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò ṣe irú rẹ̀ nípa àwọn ará abúlé Bengal, ní èdè Bengali, láìlo gbajúmọ̀ òṣèré.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí tó ìtàn fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1952 ni ó bẹ̀rẹ̀ Pather Panchali, láti inú ìwé ìtàn kan tí àwọn ará Bengal fẹ́ràn. Nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sáré gba inú pápá koríko olódòdó funfun kọjá láti lọ wo ọkọ̀ ojú irin tí ń kọjá lọ. Ọmọ Ìfọ̀ kò nílò olùtumọ̀ níbẹ̀. Ray ya àbọ̀ ìran náà ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó padà dé, màlúù ti jẹ gbogbo òdòdó náà tán, ó sì di dandan kí ó dúró di àsìkò tí òdòdó yóò tún yọ. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ dógò. Nígbẹ̀yìn, ìjọba ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì kọ owó náà sílẹ̀ bí owó títún ọ̀nà ṣe, nítorí pé orúkọ sinimá náà jẹ mọ́ ọ̀nà. Ní ọdún 1955 ni ó jáde, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ará abúlé Bengal bí ènìyàn tí ó ní ìbànújẹ́ àti ayọ̀ tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà ní tiwa, ọmọ Àjàṣẹ́ kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Paulin Soumanou Vieyra ni orúkọ rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo ni a ti bí i ní ọdún 1925. Ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ti àwọn Faransé ní Paris. Òfin kan wà láti ọdún 1934 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya sinimá ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà láìgba àṣẹ. Kí ni Vieyra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Ní ọdún 1955 wọ́n ya sinimá nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé Paris, wọ́n sì sọ ọ́ ní Afrique-sur-Seine. Wọ́n dí ọ̀nà oko mọ́ àgbẹ̀, ó dáko sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ó dí ọ̀nà.

Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí Vieyra ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà mìíràn. A bí i ní ọdún 1923. Ó ṣe ọmọ ogun, ó ṣe alágbàrù ní èbúté Marseille, ó sì di òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ó fi ń kọ ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kọ ọ́ nítorí wọn kò sì lè kà á. Ó ti súnmọ́ ẹni ogójì ọdún kí ó tó lọ sí Moscow láti kọ́ iṣẹ́ sinimá. Ní ọdún 1963 ó ṣe Borom Sarret, tí kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Dakar ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù láti wá oúnjẹ òòjọ́. Bí ó ti ń rí owó díẹ̀, akéwì kan dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í ní oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ jagunjagun. Orí ọkùnrin náà wú, ó sì kó gbogbo owó náà fún un. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ọkùnrin kan tí ó múra dáradára lọ sí àdúgbò àwọn ọlọ́lá, níbi tí irú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èrò rẹ̀ sì sá lọ láìsan owó. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní àwọn yóò jẹun ní alẹ́ náà, ó sì jáde lọ. Ibẹ̀ ni sinimá parí sí.

Ibẹ̀ náà ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Níbo ni ìyá ọmọ náà ń lọ? Ọmọ Yorùbá tí ó mọ bí onírárà ti ń ṣe lóde àríyá yóò tún ní ìbéèrè tirẹ̀, tí ọmọ Jàpáàní kò ní ronú kàn: ṣé akéwì náà ja ọkùnrin náà lólè, àbí ó ta ohun iyebíye fún un? Ẹnìkan yóò ní oríkì kò ṣeé jẹ. Ẹlòmíràn yóò ní ohun kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá kò lè gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn ni. Ní ọdún 1968, Sembène ṣe Mandabi ní èdè Wolof, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òṣèré láìsí ògbufọ̀.

Sinimá Jàpáàní kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò wo sinimá lọ́nà báyìí rí: Rashomon, tí Akira Kurosawa ṣe ní ọdún 1950, tí ó sì gba ẹ̀bùn gíga jù lọ ní Venice ní ọdún 1951. Wọ́n pa ọkùnrin kan nínú igbó. Ọlọ́ṣà tí wọ́n mú rojọ́ tirẹ̀; ìyàwó òkú rojọ́ tirẹ̀; òkú pàápàá sọ̀rọ̀ láti ẹnu abókùúsọ̀rọ̀; agégi kan tí ó fara pamọ́ tún sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò sí méjì nínú wọn tí ó bára mu. A kò sì rí ojú adájọ́ nígbà kankan: àwa tí a jókòó sínú gbọ̀ngàn ni wọ́n ń kọjú sí rojọ́ fún. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kurosawa ní bí a tilẹ̀ gbọ́ ti ẹni mẹ́rin, iṣẹ́ ṣì kù.

Ní ti Yorùbá, ọdún 1976 ni a tó rí sinimá gígùn tí a sọ ní èdè wa. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Àjàní Ògún ni orúkọ rẹ̀. Balógun ti kọ́ iṣẹ́ náà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Vieyra lọ ní Paris, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan tí ń bá olóṣèlú jẹgúdújẹrá jà ni ìtàn náà dá lé. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, àti Dúró Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Balógun kan náà darí Aiyé fún Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ẹni tí ó ti ń ṣe eré orí ìtàgé láti nǹkan bí ọdún 1945. Èrò tí ó wò ó kò lóǹkà. Bí Sellers bá rí bí wọ́n ti ń fi ara wọn gún ara wọn ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dá òṣèré lóhùn láti orí ìjókòó, kò jọ pé yóò tún sọ pé wọn kò lóye àwòrán.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kò nílò láti dúró de yunifásítì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe àpéjọ òwúrọ̀ tó. Ẹ̀rọ kan tí ń tan àwòrán sára ògiri, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, àti jẹnẹrétọ̀ nítorí iná mànàmáná tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó lọ. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá wo sinimá náà tán, kí ó lè mọ̀ bóyá ó yẹ fún ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Yóò sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni ohun ìní ẹni. Kí wọ́n gba àwọn ọmọ láyè láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ẹni tí ó rẹ́rìn-ín léèrè ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Èdè tí etí kò mọ̀ máa ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, wọn a dákẹ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sinimá kan láti orílẹ̀-èdè tí kò mọ̀, kí ó wò ó pẹ̀lú ẹni méjì, ó kéré tán, kí ó sì kọ àròkọ ojú ìwé méjì ní èdè Yorùbá. Kí ó má ṣe sọ ìtàn náà láti orí dé ìdí. Kí ó mú ìran kan ṣoṣo, kí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ó ti rí i, kí ó wá kọ ohun tí àwọn méjì yòókù sọ pé àwọn rí níbẹ̀.